Ìyá Aljiya, Ẹran Yín Kò Jẹ Búrẹ́dì Àánú Yín Lọ́dún Yìí

Ọdún márùn-ún pé lónìí, Ìyá Aljiya, tí wọ́n gbé yín gba ẹ̀yìnkùlé jáde, láàárín àwọn ewúrẹ́ yín, torí pé igi tí wọ́n fi gbé yín kò gba ẹnu ọ̀nà iwájú.

Ọdún márùn-ún. Àwọn tó wá síbi àdúà yín ní kí ìdílé kọ ìrántí sílẹ̀, kí a kọ ọ́ pé ẹni pẹ̀lẹ́ ni yín, pé ẹnu yín dùn bí oyin. Ẹ kì í ṣe ẹni pẹ̀lẹ́, ẹnu yín kò sì dùn. Ẹ jí ṣáájú gbogbo ilé fún àádọ́ta ọdún. Ẹ fi wàrà ewúrẹ́ tọ́ ọmọ márùn-ún. Ẹ kò jẹ́ kí ebi pa ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé yín. Ẹ sì fi ẹnu gún èmi ìyàwó ọmọ yín fún ọdún mọ́kànlá, títí ẹnu náà fi dákẹ́. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni màá sì kọ. Èmi Wasila ni, ìyàwó Lasad.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún yín.

Yàrá òkè tí ẹ fi sílẹ̀ láìní òrùlé ti ní òrùlé. Igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìnkùlé ti kú. Yosra ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ga jù mí lọ, ó sì ní ìwò ojú yín, ìyẹn ni olùkọ́ rẹ̀ fi ń ránṣẹ́ pè mí lóṣooṣù. Ní ọdún kẹta tí ẹ lọ, Lasad jábọ́ láti orí igi dàbínù. Kò kú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló bàjẹ́. Kò gun igi mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń hun okùn, ó sì ń bínú sí okùn náà.

Nítorí náà, ewúrẹ́ ni oúnjẹ wa báyìí, Ìyá. Wàrà wọn ni a ń mu, wàrà wọn ni a fi ń ṣe wàràkàṣì tí à ń gbé lọ sọ́jà, ọmọ wọn ni à ń tà nígbà Iléyá. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Bí mẹ́sàn-án yìí bá kú, kò sí ohun tí yóò gbé ilé yín ró. Ìdí nìyí tí ara mi kò fi balẹ̀ látọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí ọjọ́ àdúà yín ṣe ń sún mọ́lé. Kì í ṣe ọ̀fọ̀ ni mò ń rò. Búrẹ́dì ni mò ń bẹ̀rù.

Bí òkú bá ń mọ nǹkan, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ kò bá sì mọ̀, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, torí kò sí ẹlòmíràn tí yóò sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí mo wọlé yín. Ní orí òkè tí wọ́n bí mi sí, ewúrẹ́ ló ń wá oúnjẹ ara rẹ̀ láàárín òkúta. Igi ẹlẹ́gùn-ún ló ń jẹ, ewé gbígbẹ ló ń jẹ. N kò rí fásà rí, koríko tútù tí ẹ̀yin ará Gabes ń gbìn sábẹ́ igi dàbínù. Ní oṣù kẹta tí mo dé, ẹ ní kí n lọ gé e wá. Mo gé e ní àárọ̀ kùtù, ìrì ṣì wà lórí rẹ̀. Ó wù mí bó ṣe tutù tó. Ebi ń pa àwọn ẹran, mo da gbogbo ẹrù náà sílẹ̀ fún wọn. Mo rò pé ẹ ó yìn mí.

Kí oòrùn tó gun igi dàbínù tán, ẹ̀gbẹ́ òsì ewúrẹ́ méjì ti wú bí bọ́ọ̀lù. Mo sáré wọlé wá bá yín, mo sì béèrè bóyá wọ́n ti lóyún ni.

Mo béèrè bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí.

Ẹ mú ìgò òróró ólífì, ẹ dà á sí ọ̀nà ọ̀fun wọn. Ẹ fi igi dábùú ẹnu wọn, ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn ìwo, kí wọ́n lè máa jẹ ẹnu, kí itọ́ máa wá. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú wọn sórí àtẹ̀gùn, ẹ ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ẹ̀gbẹ́ òsì wọn. Ọ̀kan gùnfẹ̀, afẹ́fẹ́ koríko jáde lẹ́nu rẹ̀, ó yè. Èkejì ṣubú, kò dìde mọ́.

Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Mo ṣe àṣìṣe, ẹran kú. Ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn náà ló burú. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ Hafsiya, aládùúgbò wa. Ẹ dìde láàárín àwọn obìnrin, ẹ ní, “Ẹ gbọ́ ti ìyàwó wa, ọmọ orí òkè. Ó fi ìrì pa ewúrẹ́ mi, ó ní ó rò pé ó lóyún!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ tún un sọ níbi ìkómọ. Ẹ tún un sọ lọ́jọ́ ọdún. Nígbà tí mo bí Yosra tí inú mi ṣì wú, ẹ ní kí wọ́n lọ wo ẹnu mi, bóyá fásà ni mo jẹ. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ti ṣe?

Ọdún mọ́kànlá ni ẹ fi sọ ọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá sọ̀rọ̀ nípa ewúrẹ́ ní àdúgbò yìí, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Nígbà òtútù tí ẹ lò kẹ́yìn, ẹsẹ̀ yín wú, ẹ kò lè dìde mọ́. Ẹ wà lórí ẹní nínú yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ ń gbọ́ bí àwọn ewúrẹ́ ṣe ń ké, ẹ kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ kan ẹ ní, “Wasila, ti ilẹ̀kùn.” Mo tì í. Ẹ ní, “Lọ mú Kahla wọlé.”

Mo mú Kahla wọlé, ewúrẹ́ dúdú tí ẹ fẹ́ràn jù.

Ẹ ní, “Fi ìkúùkù rẹ sínú kòtò yìí, lẹ́yìn ìhà. Òsì ni, kì í ṣe ọ̀tún, ọmọ orí òkè. Tẹ̀ ẹ́. Kí lo gbọ́?”

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Ìyá.”

“Ẹnu rẹ ni kò jẹ́ kó o gbọ́. Pa á dé.”

Mo pa á dé. Nígbà tó yá, ohun kan yí lábẹ́ ọwọ́ mi, bí ẹni tó yí ara padà lójú oorun.

“Ó yí,” mo ní.

“Oúnjẹ ló ń pò. Bó bá ń yí lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú kan, tó sì ń jẹ àpọ̀jẹ lẹ́yìn oúnjẹ, ara rẹ̀ dá. Bí kò bá yí, má fún un ní ohunkóhun àfi koríko gbígbẹ, kó o sì wá pè mí.”

“Bẹ́ ẹ ò bá sí ńkọ́?”

Ẹ ní, “Pe ara rẹ nígbà náà.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ fi kọ́ mi, Ìyá. Ẹ̀yin nìkan ló mọ̀, èmi nìkan ló mọ̀, àti ewúrẹ́. Ẹ kọ́ mi pé pòròpórò gbígbẹ ló ń ṣáájú, fásà ló ń tẹ̀lé e, kí fásà náà sì ti rọ nínú òjìji kó tó dé ẹnu wọn. Ẹ kọ́ mi pé ọkà báálì kò gbọdọ̀ ju ife tíì kan lọ fún ewúrẹ́ tó ń fún ọmọ lọ́mú, kí èyí tí kò ní ọmọ máà rí i rárá. Ẹ kọ́ mi pé bí oúnjẹ bá yí padà, ẹ̀kúnwọ́ kan ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, kí n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí inú wọn mọ̀ ọ́n kó tó pọ̀. Ẹ kọ́ mi láti máa wo ìgbẹ́ wọn kí n tó wo ojú wọn. Ní ti búrẹ́dì, ẹ ní gbígbẹ ni, tí kò bu, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ẹ ní, “Búrẹ́dì ò burú. Púpọ̀ rẹ̀ ni kì í yí. Ṣe ló ń kan nínú wọn bíi wàrà tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn.”

Mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà. Mo bu oúnjẹ sí yín lẹ́nu. Mo rò pé a ti di ìyá àti ọmọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Mbarka, àkọ́bí yín, kan ilẹ̀kùn láìjẹ́ pé a retí rẹ̀. Ọwọ́ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kahla. Ohùn yín yí padà lójú mi. Ẹ kígbe, “Ta ló ní kó o kó ewúrẹ́ wọ yàrá mi? Ṣé èmi náà ló fẹ́ pa ni?” Mbarka wọlé, ó rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá, ẹ ò rí i, bóyá ó tún lóyún ni.” Ẹ bá a rẹ́rìn-ín.

Mo fa Kahla jáde. Ẹ kú ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sígbà náà, ẹ kò sì sọ òtítọ́ náà fún un.

Kò sí ẹni tí í da búrẹ́dì nù ní àdúgbò yìí. Bó bá bọ́ sílẹ̀, a ó he é, a ó fẹnu kò ó, a ó gbé e sórí ògiri. Èyí tó bá gbẹ, inú àpò là ń kó o sí, a ó so ó sí ara ilẹ̀kùn fún ẹni tó ní ẹran. Búrẹ́dì ọ̀fọ̀ tún ju ìyẹn lọ, torí àánú òkú ni. Ẹnu tó bá jẹ ẹ́, ìbáà ṣe ti ènìyàn, ìbáà ṣe ti ẹran, ẹ̀san rere rẹ̀ ń tọ òkú lọ. Ẹ̀yin náà gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ilé wo ni kò gbé oúnjẹ wá nígbà tí ẹ kú? Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbé e wá, kúskúsì, oúnjẹ àlìkámà, lóríṣiríṣi, búrẹ́dì nínú agbọ̀n. Ní ọjọ́ kẹta, àpò ńlá méjì ló kù, àti ọpọ́n kúskúsì tí ènìyàn méjì ń gbé. Mbarka da omi ọbẹ̀ sí búrẹ́dì náà kó lè rọ̀, òun àti àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo sáré síwájú wọn.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó ti pọ̀ jù. Wọn ò jẹ iye yìí rí. Á kan nínú wọn.”

“Kí ló máa kan nínú wọn?”

“Ìyá ló sọ fún mi. Ìyá ló kọ́ mi.”

Mbarka gbé ọpọ́n sílẹ̀. “Ìyá mi? Kọ́ ìwọ? Nípa ewúrẹ́?” Ó wo àwọn yòókù. Hafsiya tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún bú sẹ́rìn-ín, níbi ọ̀fọ̀. Mbarka kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Wasila, oúnjẹ àánú ìyá mi lo fi ń du ẹran yìí. Nígbà tó wà láàyè o ò fẹ́ ẹ. Ó ti lọ báyìí. Kí ló tún kù?”

Mo ránṣẹ́ sí Lasad láàárín àwọn ọkùnrin. Ó fi ọwọ́ júwe pé òní kọ́.

Mo kúrò lọ́nà. Èmi ni mo kúrò lọ́nà, Ìyá, ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n kò sì di í ru ẹnikẹ́ni. Gbogbo ilé ń wò mí, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń rò, pé mo ti ń retí ikú yín. Ojú tì mí. Mo fi ojútì pa ẹran.

Àwọn ewúrẹ́ jẹ ẹ́ bí ẹran ṣe ń jẹ ohun dídùn, láìbojúwẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n mu omi lé e.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí èyí tó wá sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n dúró, orí wọn tẹ̀, wọ́n ń payín keke. Mo fi ìkúùkù sí ẹ̀gbẹ́ Kahla, mo dúró, mo kà. Kò yí. Omi ló ń mì nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá gbọn ìgò. Ìgbẹ́ wọn ti di ẹ̀kọ, eérú ló jọ, ó ń rùn kíkan. Mo kó gbogbo oúnjẹ kúrò níwájú wọn. Mo po sódà funfun tí àwọn tó ń yan kéèkì ń lò mọ́ omi, mo ń fún wọn mu lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń fà wọ́n rìn káàkiri ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má bàa dùbúlẹ̀.

Àwọn obìnrin tó wá kí wa dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń wò. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní, “Ẹ wo ẹran. Ẹran ń ṣọ̀fọ̀ Ìyá.” Mbarka sunkún títí wọ́n fi gbé e wọlé.

Lasad pe dókítà ẹran ní ọ̀sán ọjọ́ kejì náà. Ó fi ọwọ́ kan mẹ́ta, ó béèrè ohun tí wọ́n jẹ. Mo sọ fún un. Ó wo ilẹ̀. Ó ní kí n máa bá ohun tí mò ń ṣe lọ, pé mo ṣe é dáadáa, pé ọjọ́ kan ló fi pẹ́. Mẹ́jọ ni ẹ fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mẹ́fà ti kú. Kahla ló kú kẹ́yìn. Méjì tó ṣẹ́ kù ni arúgbó tí kò ní eyín, tí àwọn yòókù tì kúrò nídìí oúnjẹ, àti ọmọ Kahla tí kò tíì mọ nǹkan kan ju ọmú lọ.

Wọ́n wá sọ ọ́ di ìtàn, Ìyá. Pé ẹran Ìyá Aljiya tẹ̀lé Ìyá Aljiya lọ. Pé ìfẹ́ ni. Lèmọ́ọ̀mù pàápàá mẹ́nu bà á. Ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, irọ́ sì ni. Ìfẹ́ kọ́ ló pa wọ́n. Oúnjẹ ló pa wọ́n, ẹni tó lè dá oúnjẹ náà dúró kò sì ní ẹnu, torí ẹ̀yin lẹ gba ẹnu náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún márùn-ún ni mo fi gbé èyí mì. Mo ń fún ọmọ Kahla ní wàrà ìgò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ó dàgbà, ó bímọ, ọmọ rẹ̀ bímọ. Àwọn mẹ́sàn-án tó wà lẹ́yìnkùlé yín báyìí, inú rẹ̀ ni mẹ́jọ ti jáde tàbí inú ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ìkẹsàn-án. N kò pàdánù ọ̀kan nítorí oúnjẹ. Ẹ kò sí láti rí i. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò sì wò ó.

Ní oṣù ààwẹ̀ tó kọjá yìí, òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn ènìyàn ń sinmi, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Mbarka ni.

“Wasila, ṣé o wà?”

“Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?”

“Ewúrẹ́ mi. Má pariwo.”

Mo mú ìgò òróró, mo tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ rẹ̀ wà lórí ìdúró, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ga ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Fásà tútù wà níwájú rẹ̀, omi òjò ń kán lára rẹ̀. Mbarka, ọmọ Gabes, ọmọ Ìyá Aljiya. Mo wo fásà náà pẹ́, ó sì rí i pé mo ń wò ó.

“Sọ ọ́,” ó ní. “Sọ ọ́ kó o jẹ́ kí n sinmi.”

“Kí n sọ kí ni? Ṣé ó ti lóyún ni?”

Mo ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, kò dùn tó bí mo ṣe rò.

Mo da òróró sí i lọ́fun. Mo fi igi dábùú ẹnu rẹ̀, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn ìwo. Mo gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sórí òkúta, mo ń ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mbarka kò wo ewúrẹ́ náà mọ́. Okùn tí mo fi so igi ló ń wò, bí mo ṣe pa á ní ẹ̀ẹ̀mejì lábẹ́ ìwo òsì kí n tó fà á.

Ó ní, “Bí Ìyá ṣe máa ń so ó nìyẹn.”

“Ta lẹ rò pé ó kọ́ mi?”

Ewúrẹ́ náà gùnfẹ̀. Mo dúró títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi rọlẹ̀, mo ní kí ó fún un ní pòròpórò gbígbẹ nìkan títí di ọjọ́ kejì. Ní ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú. “Má sọ fún ẹnikẹ́ni.” Mo gba ọwọ́ mi, mo lọ sílé. N kò ṣèlérí. N kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo dé ti òní wàyí.

Wọ́n kéwú fún yín, wọ́n jẹun, àwọn ọkùnrin lọ. Búrẹ́dì kù, bó ṣe máa ń kù. Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀, mo ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, mo sì gbé àga síwájú rẹ̀. Àwọn obìnrin wá pẹ̀lú àpò lórí, bí ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Hafsiya ló ṣáájú.

“Ya ọ̀nà, Wasila. Ẹ̀san ìyá ọkọ rẹ ló wà lórí mi, ó sì wúwo.”

“Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Kò wọlé.”

“Kí ni kò wọlé?”

“Búrẹ́dì.”

Hafsiya wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ o. Ọmọ orí òkè, àbí ẹran tún ti lóyún ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn. Èmi kò dìde lórí àga. Ẹ̀yìn mi wà lára ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ mímí àwọn ẹran lẹ́yìn rẹ̀. Mo ro Yosra, mo ro ẹ̀yìn Lasad. Mo ní, “Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ ó gbé èmi àti àga.”

“O fẹ́ kí Ìyá Aljiya pàdánù ẹ̀san rẹ̀?” Hafsiya kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ní ọjọ́ òní?”

Lasad ń wò láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Kì í sọ nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ bí i.

Mbarka wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú àpò lórí rẹ̀. Mo wò ó. N kò pè é, n kò dárúkọ ewúrẹ́ rẹ̀. Mo kàn wò ó. Ó sọ àpò náà kalẹ̀.

Ó ní, “Fi í sílẹ̀, Hafsiya. Ìyá mi ló kọ́ ọ.”

“Kọ́ ta?”

“Kọ́ òun. Kó tó kú. Ó mọ̀ ọ́n bí Ìyá ṣe mọ̀ ọ́n. Ó gba ẹ̀mí ewúrẹ́ mi là lóṣù ààwẹ̀, mo sì ní kó má sọ. Àwọn ẹran ìgbà náà kò ṣọ̀fọ̀ kankan. Búrẹ́dì wa ló pa wọ́n. Èmi ni mo gbé ọpọ́n.”

Hafsiya sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ọmọ sílẹ̀.

Mo ní kí wọ́n gbé àwọn àpò náà lọ sórí òrùlé. A tẹ́ búrẹ́dì náà sínú oòrùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó gbẹ. Màá máa fún àwọn ẹran ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lójúmọ́, lẹ́yìn pòròpórò, títí yóò fi tán. Bí ẹ̀san bá ń tọ òkú lọ, yóò máa tọ̀ yín wá díẹ̀díẹ̀ títí di ìgbà ooru. Kúskúsì tó kù, a gbé e fún àwọn ọlọ́jà tó wà ní ìkóríta.

Mbarka kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó lọ fọ abọ́. N kò retí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ ẹ̀yin, Ìyá. Ẹ rí bí ọ̀rọ̀ tí Mbarka sọ yẹn ṣe kéré tó? Kò kún ẹnu. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ẹ tún fi mí ṣe ẹlẹ́yà níwájú rẹ̀. Ká ní ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré níwájú ẹnì kan péré, ẹran yín ì bá wà láàyè. Kí ló dé? Ṣé ẹ ń bẹ̀rù pé bí mo bá mọ̀ ọ́n, ẹ kò ní wúlò mọ́? Mo ti bi yín ní ìbéèrè yìí fún ọdún márùn-ún, nídìí ewúrẹ́, ní ibi ìdáná, ní ibojì yín. N kò rí ìdáhùn, n kò sì ní ṣe bí ẹni tó rí i.

Ohun tí mo mọ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ kò pe Mbarka. Ẹ kò pe àwọn ọmọbìnrin yín méjì yòókù. Èmi lẹ pè. Ó yẹ kí n bínú sí i, mo sì ń bínú. Mo tún máa ń rántí bí ọwọ́ yín ṣe wà lórí ọwọ́ mi, tó gbóná, tó wú, tó ń tì í síwájú díẹ̀, pé ibẹ̀ kọ́, ibí ni. Ìyá tó bí mi kò di ọwọ́ mi mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdún márùn-ún, ilé ti yí padà, ẹnu yín kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ó sì dákẹ́ jù. Mbarka ní àárò yín ń sọ òun. Yosra ní àárò yín ń sọ òun. Lasad ní kí n kọ ọ́ níkẹyìn pé a fẹ́ràn yín, kí n má gbàgbé. Mo ti kọ ọ́. Tèmi wà nínú rẹ̀.